Ẹni Tí Ń Bu Epo fún Ẹ́ńjìnì: Àlàyé lórí Ínjẹ́kítọ̀ Oníná Mànàmáná nínú Àwọn Ọkọ̀ Àtijọ́



Ọ̀rọ̀ tí a mú wá síwájú yín yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn mẹkáníìkì nìkan. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti pọ̀, tàbí tí ó ń wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ sí ibi iṣẹ́, ọ̀rọ̀ náà kàn án. A ń gbọ́ nígbà gbogbo pé ọkọ̀ ẹnì kan kọ̀ láti ṣiṣẹ́, pé ó ń mu epo bí ẹni ń mu omi, pé ó ń tú èéfín dúdú, wọn a sì wí fún ẹni tí ó ni ín pé, "Ọpọlọ ọkọ̀ yín ni ó ti kú." Olúwarẹ̀ a wá owó kiri, a ra ọpọlọ mìíràn, a sì rí i pé àìsàn náà wà níbẹ̀ síbẹ̀. Àwọn ẹlòmíràn a gba ìmọ̀ràn pé kí wọn yọ gbogbo ẹ̀rọ náà dànù, kí wọn sì fi kábúrétọ̀ rọ́pò rẹ̀. Ìnáwó ni èyí. Ṣùgbọ́n ohun tí ó burú ju ìnáwó lọ ni pé, nítorí àìmọ̀, àwọn ọkọ̀ kan ti gbiná lójú ọ̀nà.

A fẹ́ fi hàn pé ẹ̀rọ tí ń fi iná mànàmáná bu epo fún ẹ́ńjìnì kì í ṣe awo. Òfin kan ṣoṣo ni ó ń tẹ̀lé, òfin náà kò sì ṣòro láti mọ̀. Bí a bá mọ̀ ọ́n, a ó mọ ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi mẹkáníìkì wa kí a tó tú owó sílẹ̀, a ó sì mọ ibi tí ewu wà. Apá márùn-ún ni a pín ọ̀rọ̀ náà sí.

I. OÚNJẸ Ẹ́ŃJÌNÌ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé epo pẹtiróòlù ni oúnjẹ ẹ́ńjìnì. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òtítọ́. Afẹ́fẹ́ ni ẹ́ńjìnì ń jẹ jùlọ. Epo tí ó ń jẹ pẹ̀lú rẹ̀ dàbí iyọ̀ nínú ọbẹ̀. Kí kílò epo kan tó lè jóná tán pátápátá, ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tí ó wọn kílò mẹ́rìnlá àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Àwọn onímọ̀ kọ ọ́ ní 14.7. Ẹni tí kò bá ka afẹ́fẹ́ sí ohun tí ó ní ìwọ̀n, kí ó wò ó báyìí: láti sun lítà epo kan, ẹ́ńjìnì ní láti fa afẹ́fẹ́ tí ó ju 8,000 lítà lọ sínú.

Inú sìlíńdà ni oúnjẹ yìí ti ń jóná. Písítìnì a sọ̀kalẹ̀, a fa afẹ́fẹ́ àti epo wọlé. A gòkè, a fún wọn pọ̀. Púlọ́ọ̀gì a ṣáná sí wọn, iná náà a sì ti písítìnì padà sísàlẹ̀ pẹ̀lú agbára, èyí tí ó ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Lẹ́yìn náà písítìnì a tún gòkè, a lé èéfín jáde. Ìrìn mẹ́rin ni èyí, kò sì sí ìgbà tí kò ń tẹ̀ lé ara wọn níwọ̀n ìgbà tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́.

Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù, ọbẹ̀ bàjẹ́. Bí epo bá pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, èéfín a dúdú, ojú púlọ́ọ̀gì a dí pẹ̀lú èédú, epo tí kò jóná a sì máa ṣan òróró kúrò lára ògiri sìlíńdà, tí irin yóò fi máa jẹ irin. Bí epo bá kéré jù, ẹ́ńjìnì a máa wúkọ́, agbára a tán nínú rẹ̀, a sì gbóná ju bí ó ti yẹ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ìwọ̀n tí ó yẹ kò dúró lójú kan: ní òwúrọ̀ tí ẹ́ńjìnì bá tutù, ó ń fẹ́ epo púpọ̀ sí i, nígbà tí ó bá ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù, ó ń fẹ́ púpọ̀, nígbà tí ó bá dúró jẹ́ẹ́ lójú ọ̀nà, díẹ̀ ni ó tó o. Nítorí náà, ìbéèrè tí gbogbo ẹ̀rọ yìí ń dáhùn ni èyí: ta ni yóò máa bu epo náà, báwo ni ẹni náà yóò sì ṣe mọ ìwọ̀n tí ó yẹ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan?

II. KÁBÚRÉTỌ̀, ÀTI ÌDÍ TÍ A FI WÁ ẸLÒMÍRÀN

Fún ọdún púpọ̀, kábúrétọ̀ ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí. A ṣe é bí ọ̀nà ọ̀fun tí ó fún ní àárín. Bí afẹ́fẹ́ ti ń gba ibi híhá náà kọjá, eré rẹ̀ ń pọ̀ sí i, ó sì ń fa epo sókè láti inú agolo kékeré kan gba ojú ihò wẹ́wẹ́, gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ti ń fi ọ̀pá koríko oníhò fa omi mu. Òṣìṣẹ́ rere ni kábúrétọ̀. Kò ná ni ní owó púpọ̀, ọwọ́ lásán pẹ̀lú irinṣẹ́ díẹ̀ sì tó láti tún un ṣe. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen tí àwọn ènìyàn wa ń pè ní ìjàpá jọ ní Èkó ní 1975, tí a sì bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot jọ ní Kàdúná ní ọdún kan náà, kábúrétọ̀ ni ó ń bọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn, lórí rẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa ti kọ́ iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ó ní àbùkù méjì. Èkíní, kì í wọn afẹ́fẹ́ ní ti gidi. Ó kàn ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fa ohun tí ó bá lè fà. Èkejì, ẹnu kan ṣoṣo ni ó fi ń bọ́ sìlíńdà mẹ́rin. Sìlíńdà tí ó sún mọ́ ọn lè jẹ àjẹyó, kí èyí tí ó jìnnà sí i máa pebi. Kí ẹni tí ebi ń pa má bàa kú, a ní láti fi epo kún ti gbogbo wọn, èyí tí ó ṣẹ́kù a sì bá èéfín jáde.

Èéfín yìí ni ó mú ọ̀ràn dé. Láti 1943 ni kùrukùru kan tí ń ta ni lójú ti ń bo ìlú Los Angeles ní Amẹ́ríkà mọ́lẹ̀. Ní àwọn ọdún 1950, Arie Haagen-Smit, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tí a bí ní Holland, fi hàn pé láti inú èéfín ọkọ̀ àti ti àwọn ilé iṣẹ́ epo, nígbà tí oòrùn bá pa á, ni kùrukùru náà ti ń wá. Nígbà tí ó ṣe, ìjọba gbé òfin kalẹ̀: láti orí àwọn ọkọ̀ ọdún 1968, ọkọ̀ tuntun tí a ó tà ní Amẹ́ríkà kò gbọ́dọ̀ tú ju ìwọ̀n èéfín kan lọ. Àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ ní Jámánì, tí Amẹ́ríkà jẹ́ ọjà ńlá fún, ní láti wá ẹni tí yóò máa fi òṣùwọ̀n bu epo.

A ti gbìyànjú rẹ̀ ṣáájú. Ní 1957, ilé iṣẹ́ Bendix ti Amẹ́ríkà fi ẹ̀rọ kan hàn tí a ń pè ní Electrojector, èyí tí ń fi iná mànàmáná ṣí ẹnu epo. Ní 1958, Chrysler fi í sínú ọkọ̀ díẹ̀. Ọgbọ́n inú rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n àwọn ohun èlò iná ìgbà náà kò lè fara da ooru àti ọ̀rinrin. A sì yọ ọ́ kúrò nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn ọkọ̀ náà, a fi kábúrétọ̀ dípò rẹ̀. Ẹ̀tọ́ sí ọgbọ́n náà bọ́ sí ọwọ́ ilé iṣẹ́ Bosch ti Jámánì. Ní àkókò yìí transistor ti dára sí i, ó sì ti di ohun tí owó rẹ̀ ṣeé san. Ní 1967, Bosch gbé tirẹ̀ jáde, tí a ń pè ní D-Jetronic, ọkọ̀ Volkswagen 1600 tí a ń kó lọ sí Amẹ́ríkà sì ni ó kọ́kọ́ gbà á. Láìpẹ́, Mercedes, Volvo, Saab, Citroën àti Porsche fi í sínú díẹ̀ nínú àwọn ọkọ̀ tiwọn pẹ̀lú.

III. ÀKÓKÒ NI ÒṢÙWỌ̀N

Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀ lé epo láti inú táńkì rẹ̀. Pọ́ǹpù tí iná bátìrì ń yí fà á gba inú asẹ́, ó sì tì í lọ sínú ọ̀pá tí ó yí ẹ́ńjìnì ká. Ní òpin ọ̀pá náà ni olùtọ́jú ìfúnpá wà, ohun èlò kékeré kan tí kì í jẹ́ kí agbára tí ń ti epo náà pọ̀ jù tàbí kí ó dínkù. Epo tí ó bá pọ̀ jù, a dá a padà sínú táńkì. Nínú D-Jetronic, ìfúnpá náà tó nǹkan bí 28 sí 30 pọ́ọ̀nù, èyí tí í ṣe bí ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí a ń fọn sínú táyà ọkọ̀ kékeré. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó padà sí i nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ewu.

Lórí ọ̀pá epo náà ni a fi ínjẹ́kítọ̀ sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún sìlíńdà kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má ṣe jẹ ìpín ẹlòmíràn. Ínjẹ́kítọ̀ jẹ́ ẹnu kékeré tí abẹ́rẹ́ irin kan ń dí. Wáyà tí a ká yíká wà lókè abẹ́rẹ́ náà. Nígbà tí iná bá gba inú wáyà yìí kọjá, ó di òòfà, ó sì fa abẹ́rẹ́ sẹ́yìn; epo a fọ́n jáde bí ìrì sí ẹ̀yìn fáàfù tí ó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé. Nígbà tí iná bá dáwọ́ dúró, sípírìńgì a ti abẹ́rẹ́ padà, ẹnu a sì dí.

Nísinsìnyí a dé ibi òfin kan ṣoṣo tí a ti sọ nípa rẹ̀. Bí ẹ̀rọ omi bá ń dà ní ìwọ̀n kan náà láìyípadà, tí ẹnì kan sì fi kóróbá sí abẹ́ rẹ̀, kí ni yóò sọ bí omi tí ó pọn ti pọ̀ tó? Kò sí ohun mìíràn bí kò ṣe bí ó ti pẹ́ tó níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Níwọ̀n ìgbà tí ìfúnpá epo kò yí padà, tí ihò ínjẹ́kítọ̀ kò sì yí padà, epo tí yóò jáde wà lọ́wọ́ ìgbà tí ẹnu náà fi ṣí. Àkókò ni òṣùwọ̀n. Àkókò náà kúrú púpọ̀: a lè pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ẹgbẹ̀rún ọ̀nà, kí ínjẹ́kítọ̀ ṣí fún méjì péré nínú wọn nígbà tí ọkọ̀ bá dúró jẹ́ẹ́, kí ó sì ṣí fún bí mẹ́wàá nígbà tí iṣẹ́ bá wúwo. Bí ẹ́ńjìnì bá ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, ínjẹ́kítọ̀ kọ̀ọ̀kan ń ṣí ó sì ń pa dé ní ìgbà 25 nínú ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan.

Ta ni ó ń pàṣẹ? Àpótí irin kan ni, tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní ọpọlọ ọkọ̀. Nínú àwọn ọkọ̀ àkọ́kọ́ wọ̀nyí kì í ṣe kọ̀ǹpútà. Transistor àti àwọn ohun èlò iná mìíràn ni ó kún inú rẹ̀, kò lè rántí ohunkóhun, kò sì lè ronú. Ohun tí àwọn òjíṣẹ́ rẹ̀ bá wí fún un ni ó fi ń pàṣẹ.

Òjíṣẹ́ àkọ́kọ́ ń wo ìfúnpá afẹ́fẹ́ nínú ọ̀nà tí ó lọ sí sìlíńdà. Láti ara rẹ̀ ni D-Jetronic ti gba lẹ́tà D, nítorí Druck ni àwọn ará Jámánì ń pe ìfúnpá. Agolo pẹlẹbẹ tí a ti fa afẹ́fẹ́ inú wọn jáde wà nínú rẹ̀. Wọ́n ń wú, wọ́n sì ń sún kì bí ìfúnpá ti ń yí padà, wọ́n sì ń ti irin kan síwá sẹ́yìn nínú wáyà kíká. Òjíṣẹ́ kejì wà nísàlẹ̀ dísítíríbútọ̀. Ó ń sọ bí ẹ́ńjìnì ti ń yára tó, àti ìgbà tí ó tó fún ínjẹ́kítọ̀ láti ṣí. Òjíṣẹ́ kẹta ń sọ bí ẹ́ńjìnì ti gbóná tó, òmíràn sì ń sọ bí afẹ́fẹ́ tí ń wọlé ti gbóná tó. Òjíṣẹ́ ìkẹyìn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn afẹ́fẹ́ tí ẹsẹ̀ awakọ̀ ń ṣí. Ó ń sọ bóyá awakọ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò tàbí ó tẹ̀ ẹ́. Ọpọlọ ṣe ìṣirò rẹ̀ láti inú ìròyìn gbogbo wọn, ó sì sọ àkókò kan jáde.

IV. ÀBÚRÒ TÍ Ó TẸ̀ LÉ E

D-Jetronic kì í wọn afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀. Ìfúnpá àti eré ẹ́ńjìnì ni ó fi ń méfò ìwọ̀n rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnì bá ti gbó, ìméfò náà lè máà bá a mu mọ́. Nítorí náà, lórí àwọn ọkọ̀ ọdún 1974, Bosch gbé L-Jetronic jáde. L dúró fún Luft, èyí tí í ṣe afẹ́fẹ́. Nínú ẹ̀rọ yìí, gbogbo afẹ́fẹ́ tí ń lọ sínú ẹ́ńjìnì ní láti ti ewé irin kan tí sípírìńgì ń dì mú. Bí afẹ́fẹ́ bá ti pọ̀ tó ni ewé náà yóò ṣe ṣí tó, ọwọ́ kékeré kan tí a so mọ́ ọn a sì sọ fún ọpọlọ ibi tí ó ṣí dé. Iná tí ń lọ sí púlọ́ọ̀gì ni ó fi ń mọ eré ẹ́ńjìnì, gbogbo ínjẹ́kítọ̀ sì ń ṣí pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìdajì epo ní ìyíká kan, ìdajì kejì ní ìyíká tí ó tẹ̀ lé e. Láti orí ọkọ̀ ọdún 1975, ìjàpá pàápàá tí a ń tà ní Amẹ́ríkà gba irú ínjẹ́kítọ̀ yìí, nígbà tí ìjàpá tiwa ń lo kábúrétọ̀ síbẹ̀.

Ìyàtọ̀ kan wà láàárín ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ó ní wọn mọ̀. Bí rọ́bà afẹ́fẹ́ bá là lẹ́yìn ìlẹ̀kùn afẹ́fẹ́ nínú D-Jetronic, afẹ́fẹ́ àlejò wọlé, ìfúnpá inú ọ̀nà náà pọ̀ sí i, òjíṣẹ́ ìfúnpá sì ròyìn rẹ̀. Ọpọlọ a fi epo kún un, ẹ́ńjìnì a sì máa sáré nígbà tí ó yẹ kí ó dúró jẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n bí rọ́bà bá là lẹ́yìn ewé irin L-Jetronic, afẹ́fẹ́ náà wọlé láìkí onílẹ̀kùn. Kò sí ẹni tí ó kà á, kò sì sí ẹni tí ó bu epo fún un. Ẹ́ńjìnì a máa gbọ̀n, a sì fẹ́ kú. Àní bí ìdérí ibi tí a ń da òróró ẹ́ńjìnì sí bá ṣí sílẹ̀ lásán, ó tó láti da L-Jetronic láàmú, nítorí ọ̀nà afẹ́fẹ́ kan lọ láti ibẹ̀ sínú ẹ́ńjìnì.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e, a ó sọ ọ́ ní ṣókí. Ní 1976, Volvo fi òjíṣẹ́ tuntun kan sínú ọ̀pá èéfín àwọn ọkọ̀ tí ó ń tà ní California, èyí tí ń tọ́ èéfín wò bóyá epo pọ̀ jù tàbí ó kéré jù. Ní 1979, BMW 732i gba Motronic, nínú èyí tí kọ̀ǹpútà tòótọ́ kan ń ṣe àkóso epo àti iná púlọ́ọ̀gì pọ̀. Láti ìgbà náà ni ọpọlọ ọkọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìrántí.

A kò sì gbọ́dọ̀ da gbogbo ínjẹ́kítọ̀ pọ̀. Àwọn ọkọ̀ àtijọ́ kan wà, gẹ́gẹ́ bí Peugeot 504 onínjẹ́kítọ̀ àti àwọn ọkọ̀ tí ó lo K-Jetronic ti 1973 nígbà tí ó kọ́kọ́ jáde, tí irin ni ó ń bu epo wọn láìsí ọpọlọ oníná rárá. Ẹni tí a bá sọ fún pé ọpọlọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti kú, kí ó béèrè pé kí a fi òkú náà han òun.

V. ÒJÍṢẸ́ TÍ Ó PURỌ́, ÀTI EWU TÍ Ó WÀ NÍNÚ RỌ́BÀ

Àwọn àgbà wa wí pé bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, kí a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ìwà ọmọlúwàbí ni èyí láàárín ènìyàn, ṣùgbọ́n òjíṣẹ́ inú ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó ti rí i gan-an ni kí ó wí. Bí ó bá yí ọ̀rọ̀ padà, ọpọlọ yóò pàṣẹ tí kò dára, a ó sì dá ọpọlọ lẹ́bi fún irọ́ tí kò pa.

Ẹ jẹ́ kí a fi òjíṣẹ́ ooru ṣe àpẹẹrẹ. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tí ń dènà iná nígbà tí ó bá tutù, tí ó sì ń la ọ̀nà fún iná bí ó ti ń gbóná. Nínú àwọn ẹ̀rọ Bosch wọ̀nyí, nígbà tí ooru rẹ̀ bá jẹ́ 20 ní ìwọ̀n Celsius, ìdènà náà tó nǹkan bí 2,500 ohm. Nígbà tí ẹ́ńjìnì bá gbóná dé 80, ó ti wálẹ̀ dé nǹkan bí 300. Bí wáyà rẹ̀ bá wá já ńkọ́? Iná kò lè kọjá mọ́ rárá. Ọpọlọ kò mọ̀ pé wáyà ni ó já; ohun tí ó gbọ́ ni pé òtútù tí a kò rí irú rẹ̀ rí ti mú ẹ́ńjìnì. Ó pàṣẹ pé kí ínjẹ́kítọ̀ ṣí pẹ́. Nínú ooru ọ̀sán gangan, ọkọ̀ a máa mu epo bí ẹni pé yìnyín bò ó mọ́lẹ̀. Èéfín dúdú a bo ọ̀nà, púlọ́ọ̀gì a rin fún epo, ọkọ̀ a sì kú. Ẹni tí ó bá ra ọpọlọ tuntun sí i, òjíṣẹ́ kan náà ni yóò bá níbẹ̀, irọ́ kan náà ni yóò sì gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé wáyà tí kò gùn ju ìka lọ ni ó ń fẹ́ àtúnṣe.

Nítorí náà, ètò ni ó ṣe pàtàkì. Kí a kọ́kọ́ wo bátìrì, àti ibi tí a ti de wáyà rẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀ àti ti ẹ́ńjìnì, bóyá ó ti dípẹtà. Lẹ́yìn náà, kí a fi òṣùwọ̀n wo ìfúnpá epo, nítorí bí ó bá lọ sílẹ̀, gbogbo ìṣirò ọpọlọ ti di asán. Lẹ́yìn náà, kí a wá rọ́bà afẹ́fẹ́ tí ó là. Lẹ́yìn náà, púlọ́ọ̀gì àti dísítíríbútọ̀. Lẹ́yìn náà, kí a fi mítà iná yẹ àwọn òjíṣẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ibi tí wáyà wọn ti pàdé. Bí gbogbo èyí bá pé, nígbà náà ni kí a tó fura sí ọpọlọ. Ìdí rẹ̀ kò fara sin: a pa ọpọlọ dé nínú àpótí, nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ a fi í sí ibi tí ooru ẹ́ńjìnì kò dé, kò sì ní ohun tí ń yí nínú; ṣùgbọ́n àwọn òjíṣẹ́ àti wáyà wọn ń gbé ẹ̀gbẹ́ iná lọ́sàn-án àti lóru. Ẹ̀rọ tí àwọn mẹkáníìkì ìsinsìnyí fi ń ka àṣìṣe ọkọ̀ tuntun kò sì lè ran D-Jetronic tàbí L-Jetronic lọ́wọ́, nítorí ọpọlọ wọn kò ní ìrántí tí a lè kà. Mítà, òṣùwọ̀n ìfúnpá, àti sùúrù ni irinṣẹ́ wọn.

Ohun méjì kan tilẹ̀ wà tí ó lè pa ọpọlọ ní tòótọ́, ọwọ́ ènìyàn ni ó sì ti ń wá. Èkíní ni yíyọ wáyà bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ti ń ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá yá bátìrì ẹlòmíràn. Iná a fò sókè lójijì, a sì jó àwọn ohun inú àpótí. Èkejì ni fífi iná jó irin mọ́ ara ọkọ̀ láìkọ́kọ́ yọ wáyà ọpọlọ. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn tí ń tún ọkọ̀ yín ṣe.

Nísinsìnyí, ewu. A ti wí pé a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ọkọ̀ tí ó ń mu epo jù jẹ́ làpálàpá. Rọ́bà epo tí ó ti gbó ni ẹ̀tẹ̀. Nínú ọkọ̀ oníkábúrétọ̀, ìfúnpá epo kì í sábà ju pọ́ọ̀nù mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ. Bí rọ́bà bá là, epo a máa kán tótó. Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ onínjẹ́kítọ̀, pẹ̀lú ìfúnpá tí ó tó ti táyà, epo kì í kán. Ó ń fọ́n jáde bí ìkùukùu sórí irin gbígbóná. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ Volkswagen àtijọ́ onínjẹ́kítọ̀ ni ó ti jóná ní ọ̀nà yìí, kì í ṣe nítorí pé ẹ̀rọ náà burú, bí kò ṣe pé rọ́bà tí a fi sí i láti ilé iṣẹ́ ni ó ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ náà ti ronú nípa ewu: a ṣe é kí pọ́ǹpù dákẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnì bá kú. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, pọ́ǹpù kò mọ̀ pé rọ́bà ti là.

Nítorí náà, kí ẹni tí ó ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan mẹ́ta. Kí ó tẹ rọ́bà epo wò nígbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù. Bí ó bá le gbagidi tàbí tí ojú rẹ̀ ti sán, kí ó pààrọ̀ gbogbo rẹ̀, kì í ṣe ẹyọ kan. Kí ó ra rọ́bà tí a ṣe fún ínjẹ́kítọ̀, kì í ṣe ti kábúrétọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n jọra lójú. Bí ó bá sì gbọ́ òórùn epo nínú ọkọ̀, kí ó pa ẹ́ńjìnì lójú ẹsẹ̀, kí ó jáde, kí ó má sì ṣe wí pé òun yóò kọ́kọ́ dé ilé.

Ní ti fífi kábúrétọ̀ rọ́pò ínjẹ́kítọ̀, a kò dá gbogbo ẹni tí ó ṣe é lẹ́bi. Àwọn ohun èlò kan ti ṣọ̀wọ́n, òjíṣẹ́ ìfúnpá D-Jetronic pàápàá, ọkọ̀ tí kò sì rìn kò ṣe olówó rẹ̀ ní àǹfààní. Nígbà tí àwọn ọkọ̀ tòkúnbọ̀ onínjẹ́kítọ̀ ń wọlé dé ọ̀dọ̀ wa, kábúrétọ̀ nìkan ni ọ̀gá ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì fi kọ́ wọn. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó fẹ́ ṣe é mọ ohun tí ó ń tà dànù: ìpín ọgbọọgba fún sìlíńdà gbogbo, epo tí a fi òṣùwọ̀n bù, àti ẹ́ńjìnì tí ń tètè jí ní òwúrọ̀. Kí ó sì mọ̀ dájú pé wọ́n ti yẹ àwọn òjíṣẹ́ wò kí wọ́n tó lé ọba kúrò lórí ìtẹ́.

Ní ìparí, ẹ jẹ́ kí a kó ọ̀rọ̀ jọ. Afẹ́fẹ́ ni ẹ́ńjìnì ń jẹ jùlọ, epo sì gbọ́dọ̀ bá a mu. Ínjẹ́kítọ̀ ń fi àkókò wọn epo, nítorí ìfúnpá rẹ̀ kò yí padà. Ọpọlọ ń pàṣẹ gẹ́gẹ́ bí àwọn òjíṣẹ́ ti wí. Nígbà tí àṣẹ bá burú, òjíṣẹ́ ni kí a kọ́kọ́ bi léèrè. Ní ọjọ́ tí a bá tún wí fún yín pé ọpọlọ ọkọ̀ yín ti kú, ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè pé, "Ẹ ti wọn ìfúnpá epo bí? Ẹ ti yẹ òjíṣẹ́ ooru àti wáyà rẹ̀ wò bí? Ẹ ti wá rọ́bà tí ó là bí?" Mẹkáníìkì tí ó mọ iṣẹ́ yóò yọ̀ pé ẹ béèrè. Èyí tí ó bá sì bínú sí ìbéèrè náà, ẹ má tíì fi owó yín lé e lọ́wọ́.